Másùnmáwo, Ọpọlọ Ọmọ, àti Ohun Tí Ó Wà Ní Ìkáwọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa bá àwọn òbí sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà kí n tó la ẹnu mi, nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ yìí, inú yàrá ni a sábà máa ń sọ ọ́, a kì í sọ ọ́ láwùjọ.

Bí ọmọ wa bá fẹ́ gbé ìyàwó, tàbí bí ẹnì kan bá wá tọrọ ọmọ wa, àwọn àgbà a máa ṣe ìwádìí. Wọn a bèèrè pé, "Ṣé kò sí wèrè nínú ìdílé wọn?" Ìbéèrè náà kò burú, ìfẹ́ ọmọ ló fà á. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀, pé inú ẹ̀jẹ̀ ni àìsàn ọpọlọ ti ń wá, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Àwọn mìíràn gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Nítorí ìgbàgbọ́ méjèèjì yìí, a máa ń fi aláìsàn pamọ́, ọ̀pọ̀ a sì pẹ́ kí wọ́n tó rí dókítà.

Ìmọ̀ ìṣègùn ti sọ ohun mìíràn fún wa báyìí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ní ipa tirẹ̀, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ọmọ bá rí, láti inú oyún títí tó fi dàgbà, lè fi àmì sára ohun tó jogún, àmì yẹn a sì máa darí bí wọn yóò ṣe ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí kò ju ọ̀kan lọ: ìnira lè fi àmì sára ọmọ, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó bá dúró ti ọmọ náà gbọn-in gbọn-in ń fi àmì tirẹ̀ sí i pẹ̀lú. Ti àgbàlagbà yìí ló wà ní ìkáwọ́ wa.

KÍ NI MÁSÙNMÁWO?

Ẹni tó ti sáré mú bọ́ọ̀sì rí ní agogo márùn-ún ìdájí mọ ohun tí à ń pè ní másùnmáwo. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, tàbí bí wàhálà bá dé, ọpọlọ a ránṣẹ́ sí ẹran kékeré méjì tó wà lórí kíndìnrín, àwọn náà a sì tú ohun kan tí wọ́n ń pè ní cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà a máa lù kìkì, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a gòkè, ènìyàn a sì ní agbára láti sá tàbí láti jà. Nígbà tí ewu bá kọjá, apá kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hippocampus a sọ pé ó tó, cortisol a sì rọlẹ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá wa nìyẹn, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ nípa ọmọdé pín másùnmáwo sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ti ìgbà díẹ̀: ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ìwé, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìdánwò. Kì í pa ọmọ lára, ó ń kọ́ ọ ní ìfaradà. Èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: ikú nínú ilé, ìjàm̀bá ọkọ̀, kíkó kúrò ní ìlú kan lọ sí òmíràn. Bí àgbàlagbà bá wà tó di ọmọ náà mú, ara rẹ̀ a padà bọ̀ sípò. Ẹ̀kẹta ni ó léwu: ìnira tó le, tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, tí ọmọ kò sì rí ẹni fẹ̀yìn tì. Nínú èyí, cortisol kì í rọlẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe bí ìṣòro ṣe tóbi tó nìkan ló ya èkejì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀kẹta. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà ló yà wọ́n sọ́tọ̀ jù.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ọmọdé ju àgbà lọ ni pé ọpọlọ ọmọdé ṣì ń kọ́ ilé rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí a bá bí ọmọ, ọpọlọ rẹ̀ tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti àgbà. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ti tó bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Apá iwájú rẹ̀, tó ń kó ènìyàn níjàánu, kì í parí iṣẹ́ títí di nǹkan bí ọdún 25. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò.

LẸ́TÀ KAN NÁÀ, ÀMÌ Ọ̀TỌ̀Ọ̀TỌ̀

Ìwé kan wà nínú ara wa tí wọ́n ń pè ní DNA. A gba ìdajì rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, a gba ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Ìpín kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìwé náà ni wọ́n ń pè ní jíìnì. Ìwé kan náà ló wà nínú awọ, nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú ọpọlọ, síbẹ̀ iṣẹ́ wọn kò dọ́gba, nítorí pé ojú ewé tí ẹ̀dọ̀ ṣí kọ́ ni ọpọlọ ṣí. Ohun tó ń bá wọn ṣí i, tó sì ń bá wọn pa á dé, ni àwọn àmì kẹ́míkà kéékèèké tó máa ń lẹ̀ mọ́ DNA. Èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn ni methyl. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn àmì yìí ni wọ́n ń pè ní epigenetics, orúkọ tí Conrad Waddington, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ lò ní 1942.

Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ Yorùbá á tètè lóye rẹ̀. Ẹ kọ ọ, k, ọ sílẹ̀. Bí ẹ kò bá fi àmì kankan sí i, ọkọ ìyàwó ni. Bí ẹ bá fi àmì òkè sí ọ tó wà lẹ́yìn, ó di ọkọ́ tí à ń fi ro oko. Bí ẹ bá fi àmì ìsàlẹ̀ síbẹ̀, ó di ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Lẹ́tà kò yí padà, àmì ló yí ìtumọ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ ni jíìnì rí. Ohun tí a jogún ni lẹ́tà. Oúnjẹ, àìsàn, ìnira àti ìfọ̀kànbalẹ̀ wà lára ohun tó ń fi àmì sí i. Àmì mìíràn a máa pẹ́ lára, òmíràn sì ṣeé pa rẹ́.

Àwa Yorùbá wà lára àwọn tó ń bí ìbejì jù lọ láyé. Ẹyin méjì ni ọ̀pọ̀ ìbejì tiwa ti ń wá, nítorí náà wọn kò jọra ju bí ọmọ ìyá ṣe ń jọra lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá, lẹ́tà kan náà ni wọ́n sì jogún. Ní 2005, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Spain tẹ àbájáde kan jáde lórí 40 irú ìbejì bẹ́ẹ̀, láti ọmọ ọdún 3 dé ẹni ọdún 74. Àmì ara àwọn tó kéré fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra. Ti àwọn tó ti dàgbà, pàápàá àwọn tí wọn kò ti gbé pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, yàtọ̀ gan-an. Lẹ́tà kan náà ni, ìgbésí ayé méjì.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ TI FI HÀN

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ara eku. Ìyá eku mìíràn a máa lá àwọn ọmọ rẹ̀ lára dáadáa, òmíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ lá tirẹ̀. Bí ọmọ àwọn tó ń lá ọmọ bá dàgbà, ẹ̀rù kì í tètè bà wọ́n. Ní 2004, Michael Meaney àti Moshe Szyf pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì McGill, ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, fi hàn pé ara jíìnì kan tó ń jẹ́ kí hippocampus mọ̀ pé cortisol ti pọ̀ tó ni ìyàtọ̀ náà wà. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ eku tí ìyá rẹ̀ kì í lá ọmọ fún ìyá tó ń lá ọmọ, àmì ara ọmọ náà jọ ti ọmọ ìyá tó tọ́ ọ, kò jọ ti ọmọ ìyá tó bí i.

Ní 2009, ní Montreal kan náà, wọ́n ṣàyẹ̀wò ọpọlọ àwọn ènìyàn 36 tó ti kú. Méjìlá nínú wọn gba ẹ̀mí ara wọn, ìyà sì ti jẹ wọ́n gan-an ní kékeré. Méjìlá mìíràn gba ẹ̀mí ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kò rí irú ìyà bẹ́ẹ̀. Méjìlá tó kù, ikú mìíràn ló pa wọ́n. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ yìí ni àmì methyl ti pọ̀ jù lórí irú jíìnì tí wọ́n rí lára eku.

Ẹ jẹ́ kí á wá sórí ebi. Nígbà òtútù 1944 sí 1945, àwọn ọmọ ogun Jámánì dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Netherlands. Ó lé ní 20,000 ènìyàn tó kú. Nígbà tí àwọn dókítà padà yẹ àwọn ọmọ tí wọ́n lóyún wọn ní àkókò ìyàn náà wò ní àgbà, wọ́n rí i pé àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia wọ́pọ̀ láàárín wọn ní ìlọ́po méjì ju ti àwọn mìíràn lọ. Ní 2008, ìwádìí mìíràn fi hàn pé lẹ́yìn nǹkan bí 60 ọdún, àmì tó wà lórí jíìnì kan lára wọn ṣì yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ ìyá wọn tí wọn kò sí nínú oyún nígbà náà.

Kò jìnnà sí ilé tiwa náà. Ní 2010, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn 1,339 ní Enúgu. Àwọn tí a bí nígbà ìyàn ogun Biafra ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìṣòro ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ju àwọn tí a bí lẹ́yìn ogun lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n kò ju nǹkan bí ẹni 40 ọdún lọ. Ogun parí ní 1970, ara kò tíì gbàgbé.

Ìwádìí tó fún mi ní ìrètí jù ni ti ilẹ̀ Romania. Nígbà tí ìjọba Ceausescu ṣubú ní oṣù Kejìlá 1989, ó lé ní 100,000 ọmọ tó wà nínú ilé àwọn ọmọ tí ìjọba ń tọ́jú. Wọ́n ń jẹun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbé wọn mọ́ra, kò sí ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ní 2000, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bucharest pẹ̀lú 136 nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá alágbàtọ́ fún ìdajì wọn. Àwọn tó bọ́ sọ́wọ́ alágbàtọ́ rere sàn ju àwọn tó kù lọ, ní ọ̀rọ̀ sísọ, ní òye, ní bí wọ́n ṣe ń fà mọ́ ènìyàn, àní nínú iná tí ẹ̀rọ ń kà nínú ọpọlọ wọn. Àwọn tí wọ́n tètè mú, pàápàá kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì, ló sàn jù.

OHUN TÍ ÌMỌ̀ YÌÍ KÒ SỌ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ mi ní àgbọ́yé.

Lákọ̀ọ́kọ́, àmì kì í ṣe ìdájọ́. Ẹ fi ọgọ́rùn-ún ènìyàn ṣírò: bí ẹnì kan nínú wọn bá máa ń ní schizophrenia, ìlọ́po méjì túmọ̀ sí ẹni méjì. Àwọn 98 tó kù ńkọ́? Wọn kò ní in.

Lẹ́ẹ̀kejì, a kò gbọ́dọ̀ fi í dá ìyá lẹ́bi. Kí ìyá kankan má lọ sílé lónìí kó máa ka iye ọjọ́ tó sunkún nígbà tó wà nínú oyún. Ìyàn ogun kọ́ ni ìbínú ọjọ́ kan. Bí ìyá bá sì ń jìyà, ìbéèrè tó yẹ kí á bèèrè ni pé, ta ló dúró tì í?

Lẹ́ẹ̀kẹta, eku kì í ṣe ènìyàn. Lára ènìyàn alààyè, ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ ni wọ́n sábà máa ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ọpọlọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti rí i lára ẹranko kan pé irú àmì bẹ́ẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára ènìyàn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta oògùn tàbí àyẹ̀wò tó ń "pa àmì ìran rẹ́" fún yín, ẹ di owó yín mú.

Ó KÀN WÁ NÍ ÌLÚ ỌBA

Láti àwọn ọdún 1950 lọ, ọ̀pọ̀ àwọn òbí tó wá kàwé níbí láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Yorùbá pọ̀ nínú wọn, gbé ọmọ wọn fún àwọn òyìnbó alágbàtọ́. Wọ́n a máa fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn *Nursery World*. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ ń dúró, iṣẹ́ ń dúró, ìyá àgbà kò sí nítòsí, onílé kò fẹ́ ọmọdé. Ọmọ mìíràn bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn rere. Òmíràn ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, kò mọ ẹni tí í ṣe ìyá rẹ̀ mọ́. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ṣe fíìmù *Farming* ní 2018 lórí irú ìgbà èwe bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ ìgbà náà ti di ìyá àti bàbá báyìí, àwọn mìíràn wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Bí ẹ bá rí ẹni tí kì í lè sùn, tí ìbínú rẹ̀ yá, tí kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni, ẹ má tètè pè é ní oníwà burúkú. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Tiwa lónìí gba ọ̀nà mìíràn. Bàbá ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, ìyá ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ń kó ìdààmú bá ilé fún ọdún pípẹ́. Ìyá ìkókó wà nínú fúláàtì lókè téńté, òun nìkan, láìsí ẹni tí yóò bá a gbé ọmọ kó fi wẹ̀. Ju ẹnì kan lọ nínú ìyá mẹ́wàá ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá láàárín ọdún kan tí wọ́n bímọ. Nílé, a máa ń sọ pé "ó rẹ̀ ẹ́ ni." Kì í ṣe àárẹ̀ lásán bí ó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Ẹ̀yin àgbà, mo tún tọrọ gáfárà lórí ọ̀rọ̀ pàṣán. Ní 2021, ìwádìí kan láti Harvard jáde: ọpọlọ àwọn ọmọ tí wọ́n ti nà rí ń ta gìrì sí àwòrán ojú tí ẹ̀rù wà nínú rẹ̀ ju ti àwọn ọmọ tí wọn kò nà lọ. Òfin náà ti yí padà: Scotland fi òfin de nínà ọmọ ní 2020, Wales ní 2022. Ìkóníjàánu ṣe pàtàkì, ẹnikẹ́ni kò gbà á lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń bẹ̀rù ẹni tó yẹ kó sá lọ bá, ọ̀dọ̀ ta ni kó sá lọ?

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Èkíní: ẹ má jẹ́ kí ìyá ìkókó dá wà. Nílé, a ní ọgbọ́n yìí tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà a wẹ ọmọ, a fi òrí ra á lára, a na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, a kì í ní oríkì, a pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Ìyá ọmọ a sì rí oorun sùn. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn nípa cortisol. Bí ìyá àgbà kò bá rí físà gbà, ẹgbẹ́ wa ni kó ṣe ìyá àgbà. Ẹ gbé ọbẹ̀ lọ, ẹ bá a gbé ọmọ fún wákàtí méjì.

Èkejì: kí àgbàlagbà kan wà tí ọmọ lè gbójú lé. Kò pọn dandan kó wà nílé láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lè ní ìṣẹ́jú ogún lójúmọ́ tí kì í yẹ̀: àlọ́ kan, oúnjẹ kan, "Báwo ni ọjọ́ òní ṣe rí?" Kí fóònù wà nínú báàgì nígbà náà.

Ẹ̀kẹta: kí ẹ tó fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ ronú, ẹ sì bá ọmọ náà sọ ọ́. Òfin Children Act ti 1989 sọ pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 yóò bá gbé fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, a gbọ́dọ̀ fi tó káńsù létí. Àǹtí tí à ń pè ní àǹtí nítorí pé a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àjèjì ni lójú òfin. Bí ẹ bá sì fẹ́ rán ọmọ lọ sílé, ẹ má ṣe é ní òjijì, ẹ má tàn án pé ìsinmi ni. Ọmọ tí a tàn kì í tètè gbàgbé.

Ẹ̀kẹrin: ẹ tètè wá ìrànlọ́wọ́. Ẹ sọ fún health visitor, agbẹ̀bí tàbí GP yín. Ní England, GP kò gbọdọ̀ ní dandan kí ẹ mú ìwé ìgbélùú wá kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Àgbàlagbà lè forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú NHS Talking Therapies láìjẹ́ pé GP kọ ìwé fún un. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ bèèrè ògbufọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má fi ọmọ yín ṣe ògbufọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ẹ tẹ 111, kí ẹ yan ti ìlera ọpọlọ. Samaritans wà lórí 116 123 lọ́sàn-án àti lóru. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, 999 ni.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ má yọwọ́ àdúrà, ẹ má sì yọwọ́ oògùn. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò. Aláìsàn a máa gbé ní abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ẹnì kan láti inú ẹbí rẹ̀. A gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, a padà sí abúlé lálẹ́. Gbogbo ayé gbọ́ nípa ètò náà. Ohun tí Lambo mọ̀ nígbà náà ni àwọn olùwádìí Montreal àti Bucharest tún rí lẹ́yìn náà: ọpọlọ tó ti rí ìnira nílò ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú oògùn.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá ń ṣe ìwádìí ìdílé, ẹ má fi mọ sí "Ṣé kò sí wèrè níbẹ̀?" Ẹ tún bèèrè pé, "Bí ara ẹnì kan kò bá yá nínú wọn, ṣé wọ́n máa ń dúró tì í?" Ìdáhùn sí ìyẹn ni yóò sọ irú ilé tí ọmọ yín ń wọ̀ fún yín.

Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ yìí, a kò ní fi ọwọ́ ara wa ba tiwa jẹ́. Ẹni tó bá ní ìbéèrè tí kò fẹ́ bèèrè láwùjọ, mo wà nídìí tíì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ire o.